Táyà Mẹ́fà tí Mo Gbé Sọ̀kalẹ̀ lórí Ilé Màmá

Nígbà tí a fẹ́ sin Màmá, àwọn ẹbí ní kí n kọ ojú ìwé kan nípa wọn sínú ìwé ètò ìsìnkú, nítorí pé ìwé kíkọ ni iṣẹ́ mi. Mo kọ ọ́. Mo kọ pé ìyá rere ni wọ́n, pé wọ́n fẹ́ràn Ọlọ́run, pé wọ́n sùn ní àlàáfíà lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́. Gbogbo èèyàn ló yìn ín. Àǹtí Bọ́lá, àbíkẹ́yìn Màmá, sunkún nígbà tí wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àìsàn ránpẹ́ yẹn nìkan ni irọ́ tó wà níbẹ̀, nítorí kì í ṣe pé ó ṣàdédé dé. Ó ti pé oṣù mẹ́ta báyìí, mi ò rí oorun sùn dáadáa láti ìgbà náà, mo sì fẹ́ tún un kọ bó ṣe yẹ kí n ti kọ ọ́.

Màmá ni ìyá bàbá mi. Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń gbé, nínú ilé alámọ̀ tí bàbá bàbá mi fi owó kòkó kọ́. Ilé náà ní yàrá márùn-ún àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, páànù orí rẹ̀ sì ti dípẹtà tó fi di àwọ̀ ilẹ̀. Táyà mẹ́fà ló wà lórí páànù yẹn, táyà mọ́tò tó ti gbó, tí wọ́n ki òkúta sínú wọn. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà oko, táyà ló máa kọ́kọ́ rí kó tó rí ilé. Láti kékeré ni mo ti ń rí wọn níbẹ̀, mo sì rò pé bí ilé ṣe ń rí nìyẹn.

Ẹni tó bá dàgbà ní apá ọ̀dọ̀ wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lókè. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, kí òjò tó fìdí múlẹ̀, ìjì ló máa ń ṣáájú. Ọ̀sán ló sábà máa ń dé. Oòrùn á ti mú fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, gbogbo ara á máa gbóná, lẹ́yìn náà ni ojú ọ̀run á dúdú láti apá ìlà-oòrùn. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti ṣí òrùlé ilé ẹ̀kọ́, ó ti da ọ̀gẹ̀dẹ̀ oko ẹlòmíràn wó tán. Àwọn kan máa ń sọ pé ọwọ́ Ọlọ́run ni gbogbo rẹ̀ wà. Màmá gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ìṣó sílẹ̀ de Ọlọ́run pé kó wá kàn án.

Láti oṣù kejì ọdún ni wọ́n ti máa ń múra. Wọ́n á jókòó sórí àpótí níwájú ilé, wọ́n á máa wo òkè bí ẹni tó ń retí àlejò tí kò wù ú. Wọ́n á ní kí a gé ẹ̀ka máńgòrò tó bá ti fẹ́ kan òrùlé. Wọ́n á yẹ àwọn wáyà tí wọ́n fi so igi àjà mọ́ ògiri wò, wọ́n á fi ọwọ́ fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kó igi ìdáná wọlé, wọ́n á pọn omi kún ìkòkò méjì, nítorí pé ìjì máa ń kó pàǹtírí sínú kànga. Ìwé ilẹ̀, káàdì ìrìbọmi àwọn ọmọ wọn, fọ́tò ìgbéyàwó wọn àti ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí tí mo gbà ní póòlì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ọ̀rá mẹ́ta dì, kí wọ́n tó kì í sínú àpò ìyẹ̀fun. Àpò yẹn kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn títí oṣù kẹrin á fi lọ.

Màmá kì í pe ilé ní ilé. Ùlé ni wọ́n ń pè é, bí àwọn àgbà Ọ̀wọ̀ ṣe ń pè é, uná sì ni iná lẹ́nu wọn. Tí ìjì bá ti ń bọ̀, ohùn yẹn á le. "Ẹ pa uná. Ẹ kó aṣọ. Ẹ ghọ ùlé, kí ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà." Bàbá mi fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dún kan, ó ní ṣé ogun ń bọ̀ ni. Màmá kò gbójú kúrò lára ọ̀rá tí wọ́n ń dì. Wọ́n ní, "Bó bá ṣe ogun ni, mo lè bẹ ọ̀gá ghọn. Ta ni mi a bẹ̀ nínú ìjì?"

Ohun kan wà tí mi ò rí rí ní ilé ẹlòmíràn. Màmá kò gbà kí ẹnikẹ́ni ka ọmọ. Ẹ kò gbọdọ̀ na ìka sí wa kí ẹ máa sọ pé ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo wa ti wọlé nígbà tí ìjì bá ń bọ̀. Nítorí náà wọ́n ní abọ́ kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá àárín, èyí tí kò ní fèrèsé, tí gbogbo wa máa ń sá sí. Bí a bá ṣe pọ̀ tó nínú ilé lọ́jọ́ náà, iye ekùrọ́ tí wọ́n máa kó sínú abọ́ nìyẹn. Tí o bá ti ń wọlé, wàá mú ekùrọ́ kan dání. Tí ekùrọ́ bá tán, gbogbo ilé ti pé. Tí ó bá ku ẹyọ kan, ẹnì kan ṣì wà níta, Màmá kò sì ní jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ọmọ ọdún méje ni mo wà lọ́jọ́ tí mo mú méjì. Mi ò ní ìdí kankan ju pé ekùrọ́ kejì ń dán. Abọ́ ṣófo, Màmá ti ilẹ̀kùn, ìjì dé, ẹ̀gbọ́n mi Ṣẹ́gun, tí a jọ jẹ́ ọmọ-ọmọ Màmá, sì wà níta lẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Ògiri ilé ìwẹ̀ ló sá mọ́. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn, orí rẹ̀ ti wú, ó sì ń gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ wá láti Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó bínú gan-an, ó ní irú ìtọ́jú wo nìyí. Màmá kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ wọn níwájú gbogbo wa, wọ́n ní àwọn ni àwọn ṣe àṣìṣe, ojú àwọn ti ń ṣú. Èmi sì dúró síbẹ̀, ekùrọ́ méjèèjì ṣì wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Ìgbà tí gbogbo èèyàn lọ tán ni wọ́n pè mí sí kíṣìnnì, tí wọ́n na ọwọ́ sí mi, tí mo kó o fún wọn. Wọn kò nà mí. Wọ́n ní, "Fọlákẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni ìwọ. Má mú méjì mọ́."

Kí ẹ má rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n o. Màmá lè jà. Wọ́n bá kátíkíìsì jà nítorí pé ó fi àdúrà fa ìsìn gùn lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run ti ṣú, wọ́n dìde láàárín àdúrà, wọ́n sì lọ ilé lọ kó aṣọ. Ṣùgbọ́n ìjà tó pẹ́ jù ni ti àwọn àti Ìyá Rísí, aládùúgbò wọn. Igi tíìkì kan ló wà ní ààlà ilẹ̀ wọn, ó ga, ó sì tẹ̀ díẹ̀ sí apá ọ̀dọ̀ wa. Màmá ní kí wọ́n gé e kí ìjì tó wó o lu ilé. Ìyá Rísí ní ọkọ òun tó ti kú ló gbìn ín, kò sí ẹni tó máa fi àdá kàn án lójú òun. Ọdún mẹ́jọ ni wọn kò fi kí ara wọn. Ní ọjọ́ Ìsinmi, Ìyá Rísí á gba ọ̀nà ọ̀tún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà, Màmá á gba ọ̀nà òsì lọ sí Áńgílíkà, bí wọ́n bá sì pàdé, àwọn méjèèjì á máa wo ilẹ̀.

Ní ọdún tí Ìyá Rísí kán lẹ́sẹ̀, tí ó wà lórí ìdùbúlẹ̀, ìjì kan dé nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà lóko. Mo wà níbẹ̀, mo wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ Màmá. A ti wọ yàrá àárín, ekùrọ́ ti tán nínú abọ́. Màmá ṣàdédé dìde. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n jáde sínú eruku yẹn, mo sì ń pariwo pé kí wọ́n padà. Mo wo ojú ihò ilẹ̀kùn títí. Ìgbà tí mo tún máa rí wọn, Ìyá Rísí ni wọ́n pọ̀n sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n dì ní igi nà síwájú, àwọn méjèèjì pupa fún eruku. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí ẹní láàárín wa. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣa ekùrọ́ kan láti inú apẹ̀rẹ̀, wọ́n fi sí i lọ́wọ́ láìwo ojú rẹ̀.

Páànù kíṣìnnì Ìyá Rísí ṣí lọ́jọ́ yẹn. Igi tíìkì ọ̀hún kò tilẹ̀ wó. Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, Màmá tún un pọ̀n, wọ́n gbé e padà sílé rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Rísí rán ọmọ rẹ̀ obìnrin wá pẹ̀lú iṣu mẹ́ta. Màmá gba iṣu, wọ́n kí ọmọ náà dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò bi í léèrè ara ìyá rẹ̀. Mo ní, "Màmá, mo rò pé ìjà ti parí." Wọ́n ń ha èèpo iṣu nígbà náà. "Ta ló sọ fún ẹ? Mẹ́ẹ̀ bá a parí ìjà. Mo kàn pọ̀n ọ́n ni."

Tí wọ́n bá ní kí n sọ irú èèyàn tí Màmá jẹ́ ní ọ̀rọ̀ kan, èyí ni mo máa sọ. Mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi láti ọdún mẹ́sàn-án, mo sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìwà yẹn ti ràn mí. Kò ràn mí rárá. Ẹ jẹ́ kí n dé orí ọ̀rọ̀ táyà.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí ni àwọn ẹbí ọkọ àfẹ́sọ́nà mi fẹ́ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ń bọ̀. Màmá fẹ́ kó jẹ́ ilé àwọn, inú gbogbo wa sì dùn sí i. Mo kun iwájú ilé ní ọ̀dà funfun, mo ra kọ́tìnnì, mo yá àga. Nígbà tí mo parí, mo bọ́ sí ojú títì láti wo bó ṣe rí, mo gbójú sókè, mo rí táyà mẹ́fà. Ojú tì mí. Mo ti ń gbọ́ ohun tí ìyá ọkọ mi máa sọ nínú mọ́tò tí wọ́n bá ń padà lọ.

Mo lọ bá Màmá, mo ní ẹ jẹ́ ká sọ àwọn táyà yìí kalẹ̀, ọjọ́ kan péré ni. Wọ́n ní, "Ojú ùlé mi ń tì ẹ́?" Mo ní rárá o, Màmá, fọ́tò ni mo ń rò. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Wọ́n ní, "Kò burú. Ìgbà ọyẹ́ rèé, ìjì éè tíì sí nítòsí. Ṣùgbọ́n ìwọ tó gbé e kalẹ̀, ìwọ ni o máa gbé e padà." Mo ní mo ṣèlérí. Mo pe ọlọ́kadà méjì tí mo mọ̀ ní ìta, wọ́n gun òkè, wọ́n gbé wọn sọ̀kalẹ̀, a tò wọ́n sẹ́yìn kíṣìnnì.

Àlejò dé, àlejò jẹun, àlejò lọ. Kò sí ẹni tó gbójú sókè nínú wọn. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá ọkọ mi bèèrè nípa ilé náà ni ibi tí wọ́n ti lè tọ̀. Àwọn ẹbí tiwa ló ń yìn mí pé ilé Màmá ti wá dà bí ilé èèyàn. Àǹtí Bọ́lá tó ń gbé pẹ̀lú Màmá, tó ń ṣe tíṣà ní Ọ̀wọ̀, rí i lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé òkè ṣófo. Àṣà àgbàlagbà ni òun náà pe táyà, bí gbogbo àwa tí a kàwé.

Ifọ̀n ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì tó ń gbé ìkéde jáde fún àwọn ará ìlú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, lẹ́tà kan dé pé ìjì ọdún yìí máa le, kí a kìlọ̀ fún àwọn èèyàn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó gùn, ó sì gbẹ. Ọ̀gá mi ní kí n kọ ọ́ ní èdè tí àwọn ará ọjà máa gbọ́. Mo pe Màmá lórí fóònù, mo ní kí wọ́n sọ ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe kí ìjì tó dé. Wọ́n rò ó fún mi, mo ń kọ ọ́. Ẹ gé ẹ̀ka tó bá sún mọ́ òrùlé. Ẹ fa wáyà àjà yín wò. Ẹ gbé ẹrù tó wúwo sórí páànù. Ẹ fi ọ̀rá di ìwé yín. Ẹ mọ yàrá tí ẹ máa sá sí, kí gbogbo ọmọ ilé náà sì mọ̀ ọ́n. Ẹ má dúró lábẹ́ igi, ẹ má sì sá tẹ̀lé páànù tó bá ń fò. Inú wọn dùn pé wọ́n ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ láti ọ́fíìsì. Nígbà tí mo ní mo dúpẹ́, wọ́n ní, "Ó ti tán? Táyà tèmi ńkọ́?"

Mo ní Sátidé, Màmá. Sátidé yìí ni mo máa wá.

Mo gbé gbohùngbohùn lọ sí ọjà Ifọ̀n, mo ka ọ̀rọ̀ Màmá. Mo kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan bá mi kà á ní mọ́ṣáláṣí. Àwọn èèyàn ń dá mi dúró lójú ọ̀nà pé ọ̀rọ̀ yẹn yé àwọn, pé ó dà bí ẹni pé ìyá àwọn ló ń bá àwọn sọ̀rọ̀. Mo rí ọkùnrin kan tó ń gbé àpò iyanrìn gun orí ilé rẹ̀ nítorí ohun tí mo kà. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó rẹ̀ mí, mo fọṣọ, mo sùn. Ní Sátidé kejì, mo lọ pàdé àwọn tó máa ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn ìgbéyàwó mi. Láàárín ọ̀sẹ̀, Màmá á pè. Wọn kò bá mi wí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á ní, "Mo kàn ní kí n gbọ́ ohùn ẹ." Lẹ́yìn náà wọ́n á sọ bí ojú ọ̀run ṣe rí fún mi, pé ooru mú lánàá, pé àwọn èèrà ti ń kó ẹyin wọn gun ògiri. Èmi á ní ẹ má ṣèyọnu, Màmá, Sátidé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n pè mí. Mo ti lọ wo fóònù mi láti kà á.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, kí Sátidé kẹta tó pé, ni ìjì náà dé. Ní Ifọ̀n, ó kàn gbá eruku àti ewé kọjá ni, a dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì, a ń wò ó. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ìkéde mi ló jẹ́ kí ọjà tètè túká. Ìgbà náà ni Àǹtí Bọ́lá pè mí láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ní aládùúgbò pe òun, òrùlé ilé Màmá ti lọ.

Mo wọ bọ́ọ̀sì dé Ọ̀wọ̀, mo gun ọ̀kadà débẹ̀. Ìdajì òrùlé wà nínú oko Ìyá Rísí, ó dojú bolẹ̀. Mo wò ó dáadáa, nítorí pé ohun tí mo rí ló ń jẹ mí títí di òní. Ìṣó kò tú. Páànù ṣì wà lára igi, igi wà lára páànù, gbogbo rẹ̀ ló gbéra lẹ́ẹ̀kan náà bí ìdérí ìkòkò. Ohun tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn kíṣìnnì. Táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà níbi tí mo tò wọ́n sí, òjò ti kún inú wọn.

Yàrá àárín ni Màmá sá sí, àwọn nìkan, ibẹ̀ gan-an ni òrùlé sì ti ṣí. Igi àjà kan wó dí ilẹ̀kùn. Ó lé ní wákàtí kan tí òjò fi rọ̀ lé wọn lórí kí àwọn ọmọ Ìyá Rísí tó rí ilẹ̀kùn já. Kíṣìnnì Ìyá Rísí ni mo bá wọn, lórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú Ìyá Rísí, ìró Ìyá Rísí lára wọn, àpò ìyẹ̀fun wọn lórí itan. Ara wọn ń gbọ̀n, ètè wọn ti funfun. Ìwé inú àpò gbẹ fúrúfúrú. Mo wólẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n ní, "O ti jẹun?"

Òtútù àyà ni dókítà pè é. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò ní ọsibítù. Mo gba ààyè níbi iṣẹ́, mo jókòó tì wọ́n. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo gbìyànjú, mo ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ táyà yẹn." Wọ́n pa ojú wọn dé. "Jẹ́ kí n sùn," ni wọ́n sọ. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n lọ.

Ibi tí mo ti burú jù kò tíì dé. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí ṣe ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Àkúrẹ́, tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìjọba, ní àwọn ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní káfíńtà ni. Àlàájì Ráímì, káfíńtà ará Ọ̀wọ̀, ló tún igi àti páànù ilé náà ṣe ní ọdún méjì sẹ́yìn. Bàbá Àkúrẹ́ ní ìṣó kúkúrú ló lò. Gbogbo ilé gbà. Wọ́n ń bú u, wọ́n ní òun ló pa ìyá àwọn. Ọ̀rọ̀ náà jáde sí ìta, àwọn méjì tó ti gbé iṣẹ́ òrùlé fún un ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wà ní ìpàdé yẹn. Èmi ni mo bu omi fún Bàbá Àkúrẹ́ nígbà tí ọ̀fun wọn gbẹ. Mo ti rí ìṣó yẹn nínú igi pẹ̀lú ojú ara mi, mi ò sì la ẹnu.

Mo dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Mo ń sọ fún ara mi pé ẹni tó ti lọ ti lọ. Ṣùgbọ́n Àlàájì kò lọ, ó wà ní Ọ̀wọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ tí a bà jẹ́. Ọjọ́rú tó kọjá, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, ó ń ká ẹní. Ó fún mi ní àpótí jókòó, ó béèrè àlàáfíà gbogbo ilé, títí dé Bàbá Àkúrẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ọ̀dà funfun títí dé ìpàdé ẹbí. Ó ń gbọ́, ó ń fi ọwọ́ nu eruku pákó kúrò lórí tábìlì rẹ̀.

"Mo mọ̀," ló wí nígbà tí mo parí.

Mo bi í báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ ìjì náà, òun ń ti ibi iṣẹ́ kan bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, òun rí i pé òrùlé tí òun ṣe ṣófo, òun sì rí bí ooru ọjọ́ yẹn ṣe ń mú. Òun yà. Òun ké sí Ìyá láti ìta pé kí wọ́n jẹ́ kí òun bá wọn gbé táyà wọn padà, òun kò gba nǹkan kan. Ó gbé àkàsọ̀ ti ògiri. Ó ti gbé táyà kìíní lé èjìká, ó ti gun ìgbésẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí Màmá jáde láti inú ilé.

"Wọ́n ní kí n sọ̀kalẹ̀," ni Àlàájì wí. "Mo ní, Ìyá, ojú ọ̀run yìí kò dáa o. Wọ́n ní, 'Àlàájì, ọmọ mi ní Sátidé ni òun ń bọ̀. Bó bá dé, tó bá táyà lókè, yóò rò pé mi éè gbà á gbọ́.'"

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ èyí fún àwọn ẹbí wa nígbà tí wọ́n ń bú u. Ó ní, "Kí n wá sí ilé olókùú, kí n ní ọmọ yín ni? Èmi náà kò yẹ kí n sọ̀kalẹ̀. Mo ti wà lórí àkàsọ̀." Ó mú ayùn rẹ̀, kò sì tún wò mí mọ́, àfi ìgbà tí mo dìde tó ní kí n máa rọra lọ.

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, mo lọ sí Àkúrẹ́. Mo bẹ Àǹtí Bọ́lá pé kó bá mi lọ. Mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀ Bàbá Àkúrẹ́, mo sọ ohun tí mo ti kọ síbí yìí fún wọn, mo sì sọ ti àkàsọ̀. Bàbá Àkúrẹ́ bo ojú wọn. Wọ́n ní àwọn máa lọ sí Ọ̀wọ̀ lọ́la lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin yẹn, kí gbogbo ìta lè mọ̀ pé kò jẹ̀bi. Àǹtí Bọ́lá ń sunkún. Ó ní kí n dìde, kí n má kúnlẹ̀ mọ́, ìjì kúkú lè ṣí ilé náà bí táyà tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní ohun kan péré ni òun fẹ́ gbọ́.

"Sátidé tí wọ́n ń retí ẹ yẹn, ká ní ìjì kò dé, ṣé wàá ti wá?"

Ó fẹ́ kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí i lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, kì bá sì sí ẹni tó lè já irọ́ mi.

Mo sọ fún un pé mo ti bá aránṣọ mi ṣe àdéhùn fún Sátidé yẹn. Mi ò ní wá.